Bí Ọmọ Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ṣe Ń Fi Orí Ṣe Ìṣirò

Ẹ ní kí àwọn ọmọ Pírámárì 3 ro 47 pọ̀ mọ́ 38, kí ẹ má fún wọn ní bébà, kí ẹ má fún wọn ní bírò. Ẹ máa rí ọmọ kan tí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà láti 48 lọ sókè, tí òǹkà á sì dàrú mọ́ ọn lójú kó tó dé 70. Ẹ máa rí òmíràn tó gbójú sókè, tó ń fi ìka kọ nọ́ńbà sínú afẹ́fẹ́: méje àti mẹ́jọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kọ márùn-ún sílẹ̀, gbé ẹyọ kan lọ́wọ́. Kó tó kan mẹ́rin àti mẹ́ta, ẹyọ kan tó gbé lọ́wọ́ ti bọ́. Ẹ̀kẹta ò ka ìka, kò sì kọ̀wé sáfẹ́fẹ́. Á ní: “Ogójì àti ọgbọ̀n, àádọ́rin. Méje àti mẹ́jọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Márùndínláàádọ́rùn-ún ni, mà.”

Ó rọrùn láti sọ pé orí ẹni kẹta pé ju ti àwọn yòókù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ tí wọn ò tíì mọ̀ ni pé èèyàn lè tú nọ́ńbà palẹ̀, kó sì tún un dì bó ṣe wù ú, kí iye rẹ̀ má yí padà. Ìṣirò àforíṣe kò ju ìyẹn lọ, a sì lè fi kọ́ ọmọ yòówù tó bá ti lè ka ení títí dé ẹ̀wá.

Mẹ́ńtàlì ni àwọn olùkọ́ wa ń pè é. Àwọn tó lọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn ìpàdé òwúrọ̀, olùkọ́ á dúró níwájú pẹ̀lú pàṣán, á máa da ìbéèrè mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba méje á jẹ pàṣán mẹ́ta. Ìdánwò ni èyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á tún fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á jẹ pàṣán, á sì padà lọ jókòó láìmọ bí ẹni tó gbà á ṣe gbà á. Ohun tó wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, ibẹ̀ náà sì la máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́. Ọpọlọ ní àyè kan tó máa ń gbé ohun tí à ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ sí: nọ́ńbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, iye tí a rí ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó kù láti ṣe. Alan Baddeley àti Graham Hitch, onímọ̀ méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí àyè yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ní 1974, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìṣirò ọmọdé sì ń lo àlàyé wọn di òní. Àyè náà kéré, ti ọmọdé sì kéré ju ti àgbàlagbà lọ. Ọmọ tó ń ka ìka láti 47 lọ sí 85 ní láti rántí ibi tó kà dé, kó rántí iye ìka tó ti lò, kó tún rántí pé 38 ni òun ń wá. Àyè á kún, nǹkan kan á sì bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ tó ń kọ̀wé sáfẹ́fẹ́ wà nínú wàhálà kan náà, torí pé bébà ni wọ́n ṣe ọ̀nà tó ń lò fún. Lórí bébà, ọwọ́ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀, láti orí ẹyọ, nítorí pé bébà á bá wa tọ́jú ohun tí a bá gbé lọ́wọ́. Nínú orí, ọwọ́ òsì ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí nọ́ńbà ti tóbi. Ẹni tó bá ti sọ pé “àádọ́rin” ti mọ agbègbè tí ìdáhùn wà. Bó bá tilẹ̀ ṣi ẹyọ kà, àṣìṣe rẹ̀ ò ní ju kékeré lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 7 àti 8 lè parí rẹ̀ sí 75 tàbí 715, kí ojú rẹ̀ má sì kọ́ ọ rárá.

Ẹ̀rù náà máa ń gba àyè yẹn. Mark Ashcraft àti Elizabeth Kirk gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, níbi tí wọ́n ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìṣirò àforíṣe, tí wọ́n sì tún fún wọn ní nǹkan mìíràn láti fi sọ́kàn. Bí gbígbé-lọ́wọ́ bá ti wà nínú ìṣirò náà, àwọn tí ìṣirò ń dẹ́rù bà máa ń fà sẹ́yìn gan-an ju àwọn tí kò dẹ́rù bà lọ. Àgbà ni wọ́n o, kò sì sí ẹni tó di pàṣán mú síwájú wọn. Ọmọ ọdún méje tó ń ro 8 pọ̀ mọ́ 6, tó sì tún ń fojú wọn bí ọwọ́ olùkọ́ ṣe jìnnà sí i tó, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbogbo ọmọ pátá, orí kíkà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ọdún márùn-ún ro 3 pọ̀ mọ́ 5, á na ìka mẹ́ta, á na ìka márùn-ún, á wá padà ka gbogbo rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Nígbà tó bá yá, á rí i pé kò sídìí láti tún èyí tó ti kà kà: á fi 3 sọ́kàn, á ní mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e máa ń dùn mọ́ mi púpọ̀ láti rí. Lọ́jọ́ kan, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, á yí i padà: 5 tó tóbi ni á fi sọ́kàn, á wá ka mẹ́ta péré lé e. Ó ti mọ̀ pé 3 àti 5, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú 5 àti 3. Ẹ má gba ìka lọ́wọ́ ọmọ kó tó dé ibẹ̀. Olùkọ́ tó ń pariwo pé “Má ka ìka!” kò gbé ọmọ kúrò lórí ìka, ńṣe ni ọmọ á kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, á máa kà á lọ níbẹ̀.

Ohun tó ń gbé ọmọ kúrò lórí ìka ni pé kó ní àwọn àpapọ̀ kan tí kò ní kà mọ́, tó kàn mọ̀. Àwọn tó ṣe pàtàkì jù lọ ò pọ̀: 1 àti 9, 2 àti 8, 3 àti 7, 4 àti 6, 5 àti 5. Márùn-ún péré ni àwọn tó ń di mẹ́wàá. Lẹ́yìn wọn ni ìlọ́po méjì: 6 àti 6, 7 àti 7, 8 àti 8, 9 àti 9. Ọmọ tí àwọn wọ̀nyí bá ti mọ́ lára ti ní ohun tó lè fi wá gbogbo ìyókù. 8 àti 6 ńkọ́? Mú 2 nínú 6 fún 8, ó di 10, 4 ló kù, 14. 7 àti 8 ńkọ́? 7 méjì jẹ́ 14, fi ẹyọ kan lé e, 15.

Kì í ṣe ẹnu la fi ń kọ́ ọmọ Pírámárì 1 ní èyí. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ fún un ní rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Kí ó ka mẹ́jọ sápá ọ̀tún, kó ka mẹ́fà sápá òsì. Ẹ bi í pé: “Mélòó ló kù kí mẹ́jọ yìí tó ìdì kan?” Á wò ó, á fa méjì kọjá láti apá òsì, á fi rọ́bà di mẹ́wàá náà, á sì rí mẹ́rin tó kù nílẹ̀. Ìdì kan, ẹyọ mẹ́rin: mẹ́rìnlá. Kí ó ṣe é fún 9 àti 5, fún 7 àti 6, fún 8 àti 8. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti yá sí i, ẹ ju aṣọ bo ìgbálẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè yẹn kan náà. Ó mọ̀ pé mẹ́jọ wà lọ́tùn-ún, mẹ́fà wà lósì, ṣùgbọ́n kò rí wọn. Inú orí ni yóò ti fa méjì kọjá lọ́tẹ̀ yìí. Bí kò bá rí i fà, ẹ ká aṣọ kúrò kó tún fọwọ́ fà á. Ìdérí ìgò náà dáa, òkúta wẹ́wẹ́ náà dáa, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn ìgbálẹ̀ jù wọ́n lọ.

Pé ká dí nọ́ńbà kún títí yóò fi pé kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Bí òǹkà Yorùbá ṣe rí náà nìyẹn. Láti 11 dé 14, a ń fi kún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bó bá ti di 15, iwájú là ń wò, inú ogún la ti ń yọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí gbogbo ìpele: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni 57, ọgọ́ta tó ku mẹ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Adolphus Mann, ajíhìnrere ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS tó gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà wa ní 1887, ó sì sọ bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ ṣe ń ṣe é. Wọ́n á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún kúrò nínú òkìtì títí yóò fi pé ogún. Ogún márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Nínú ọjà, ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Àwọn èèyàn tó ń ṣe èyí kò ní bébà, wọn ò sì nílò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún ọmọ. Ẹni tó gbọ́ “mẹ́tàdínlọ́gọ́ta” ti gbọ́ ọgọ́ta, ó sì ti gbọ́ pé mẹ́ta ló kù. Bí ẹ bá ní kó fi mẹ́jọ lé e, ọ̀nà ti là: fi mẹ́ta dí i, ó di ọgọ́ta, márùn-ún ló kù lọ́wọ́, 65. Ọmọ tó gbọ́ 57 lédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ àádọ́ta àti méje, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ohun tó kù kí ó tó pé. Mi ò sọ pé òǹkà wa rọrùn níbi gbogbo o. Ẹ fi 3 lé 54: orí àádọ́ta lẹ ti gbéra, ìdáhùn á sì gba ọ̀dọ̀ ọgọ́ta wá bá yín, ọmọ kékeré á ṣe kàyéfì. Bí a sì ṣe ń kọ 57 sílẹ̀, tí 5 ṣíwájú tí 7 tẹ̀ lé e, bá òǹkà Gẹ̀ẹ́sì mu jù. Ọmọ tó bá ní méjèèjì lọ́wọ́ á mú èyí tó bá rọrùn níbi tó bá dé. Ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú wa ò lè ka òǹkà Yorùbá kọjá ogún mọ́. Bẹ́ẹ̀ a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò: ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ ṣíwájú wọn nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Ọjà ṣì ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò àforíṣe di òní, ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ sì wá láti Recife, ní Brazil. Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann lọ bá ọmọ márùn-ún tó ń bá àwọn òbí wọn tajà níbẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 9 sí 15. Wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ wọn bí oníbàárà, wọ́n ń béèrè iye owó àti ṣéńjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn, nǹkan bíi 98 ló tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n padà wá gbé irú ìṣirò kan náà ka iwájú àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń gbé e nílé-ìwé, nọ́ńbà lásán láìsí ọjà nínú rẹ̀, èyí tó tọ̀nà wálẹ̀ sí nǹkan bíi 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí náà jáde ní 1985.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń ta àgbọn ní 35 cruzeiro (owó Brazil nígbà náà) lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà ní òun fẹ́ mẹ́rin. Ọmọ náà ti mọ iye àgbọn mẹ́ta, 105, torí pé ó ti tà á bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó fi ọgbọ̀n lé e, ó di 135. Ó fi márùn-ún tó kù lé e, 140. Nígbà tí wọ́n fún un ní 35 lọ́nà 4 lórí bébà, ó ní 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, ó kọ òdo sílẹ̀, ó gbé 2 lọ́wọ́. Ó wá fi 2 náà lé 3, ó di 5, 4 lọ́nà 5 tún jẹ́ 20. Ó kọ 200. Ọmọ yìí ò ní gba 200 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún àgbọn mẹ́rin láé. Ṣùgbọ́n lórí bébà, 3 àti 5 ti di àmì tó ń tò, wọn kì í ṣe owó àgbọn mọ́, kò sì sí ohun tó máa sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kún ọjà wa. Ẹ ra ẹ̀kọ méje ní ₦150 lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀: méjì ₦300, mẹ́rin ₦600, mẹ́fà ₦900, méje ₦1,050. Ìlọ́po méjì ló ń gùn lọ. Bí ẹ bá ra ọjà ₦1,350, tí ẹ fún un ní ₦2,000, kò ní yọ ọ́ kúrò bí a ṣe ń yọ ọ́ lórí bébà, níbi tí ọmọ á ti máa yá lọ́wọ́ òdo tí kò ní nǹkan kan. Sókè ni á kà á: ₦50 ló kù kó pé ₦1,400, ₦600 ló kù kó pé ₦2,000, ṣéńjì yín jẹ́ ₦650. Ọ̀nà yìí ló yẹ ká kọ́ ọmọ ilé-ìwé láti fi ṣe àyọkúrò tí nọ́ńbà bá ti jìnnà síra. 83 yọ 47: láti 47, 3 ló kù dé 50, 33 ló kù dé 83, 36 ni ìdáhùn. Bí nọ́ńbà tí a fẹ́ yọ bá sún mọ́ òpin ìdì, ká yọ odindi, ká dá èyí tó lé padà: 64 yọ 29, yọ 30, ó ku 34, dá ẹyọ kan padà, 35.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí láti gbé igbá lé ọmọ lórí lákòókò ilé-ìwé. Ọmọ tó ń kiri mọ owó ọjà tirẹ̀, kò sì mọ ohun tó kọjá ìyẹn. Ọjà ló yẹ kó wá sí kíláàsì: tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, páálí ọṣẹ, agolo mílíìkì tó ti ṣófo, owó tí a fi bébà gé, kí ọmọ kan máa tà, kí òmíràn máa rà, kí ẹni tó ń tà máa sọ jáde bó ṣe rí ṣéńjì tó fẹ́ fún un.

Ìlọ́po ni ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ sí ìṣirò àforíṣe. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé ìkọ̀wé, láti 2 dé 12, gbogbo wa la fi orin kà á. Bó ṣe lọ dé 12 ní ìdí tirẹ̀: kí Nàìjíríà tó bọ́ sórí náírà ní ọjọ́ 1, oṣù Kíní, 1973, kọ́bọ̀ àtijọ́ (pẹ́nì) 12 ló ń jẹ́ sílè kan, sílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan, ọjà rírà á sì ṣòro fún ẹni tí kò bá mọ 12 lọ́nà 7. Lónìí, 10 ni owó wa ń bá rìn, tábìlì tó dé 10 lọ́nà 10 ló sì yẹ ká kọ́kọ́ gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn. Orin náà kò burú, ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n lórin nìkan, bí ẹ bá bi í ní 7 lọ́nà 8, á ní láti bẹ̀rẹ̀ láti 7 lọ́nà 1, kó kọrin náà títí dé ibẹ̀.

Ẹ wò ó bó ṣe ń dín kù tí a bá fi òye kà á. Láti 1 dé 10, ìbéèrè 100 ló wà nínú tábìlì náà. Nígbà tí ọmọ bá ti mọ̀ pé 3 lọ́nà 8 àti 8 lọ́nà 3 jẹ́ ọ̀kan náà, ó ku 55. Ẹ yọ gbogbo èyí tí 1, 2, 5 tàbí 10 wà nínú wọn, torí pé wọn kì í yọ ọmọ lẹ́nu: ó ku 21. Èyí tó ní 9 nínú, ẹ jẹ́ kó fi 10 ṣe é, kó yọ ìlọ́po kan kúrò: 9 lọ́nà 7 jẹ́ 70 tó dín 7, 63. Ó ku 15. Èyí tó ní 4 nínú, ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mejì ni: 4 lọ́nà 7, 14, 28. Ó wá ku mẹ́wàá péré: 3 lọ́nà 3, 3 lọ́nà 6, 3 lọ́nà 7, 3 lọ́nà 8, 6 lọ́nà 6, 6 lọ́nà 7, 6 lọ́nà 8, 7 lọ́nà 7, 7 lọ́nà 8, 8 lọ́nà 8. Mẹ́wàá yìí ni kí ọmọ há sórí, bí ó bá sì bọ́ sọnù lọ́jọ́ kan, ó ní ọ̀nà láti wá a rí: 7 lọ́nà 8 jẹ́ 5 lọ́nà 8 àti 2 lọ́nà 8, 40 àti 16, 56. Mo ti rí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ nígbà tí a ka mẹ́wàá náà sí i létí, torí pé ó ti rò pé òkè ńlá kan ló dúró de òun.

Báwo ni olùkọ́ tó ní ọmọ 60 nínú kíláàsì kan ṣe fẹ́ kọ́ wọn ní gbogbo èyí? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ tó, ìbéèrè kan ṣoṣo sì tó. Ó kọ 28 + 15 sójú pátákó, kò sí bébà, kò sí bírò. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ nawọ́ sókè. Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn á fi àtàǹpàkò kan sí àyà rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, olùkọ́ á sì dúró títí ọ̀pọ̀ wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí ọwọ́ mẹ́ta bá ti gbéra sókè, tí wọ́n ń ké “Mà! Mà!”, àwọn 57 tó kù ti dáwọ́ ríronú dúró. Bí ìdáhùn bá ti wá, olùkọ́ á gbà á láìsọ pé ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, á wá béèrè ohun tó yẹ kó béèrè: “Báwo lo ṣe ṣe é?”

“Mo mú méjì nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún 28, mà, ó di 30. Ó ku 13. 43.”

“Èmi ro ogún pọ̀ mọ́ mẹ́wàá, 30. Mẹ́jọ àti márùn-ún, 13. 43.”

“Mo sọ ọ́ di 30 àti 15, ó di 45. Mo wá yọ méjì tí mo fi kún un.”

Olùkọ́ á kọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sójú pátákó bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́. Ọmọ tó ka ìka ń wo pátákó, ó ń rí ọ̀nà tó kúrú ju tirẹ̀ lọ láti ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́la ó lè dán an wò. Bí ẹnì kan bá dáhùn 33, òun náà á sọ bó ṣe ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà á gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun gbàgbé mẹ́wàá kan lọ́nà. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan á sọ pé èyí lọ́ra jù. Lóòótọ́ ni, ìbéèrè kan ni wọ́n ṣe dípò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni gbogbo kíláàsì gbé lọ sílé, ìyára sì máa ń tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn àpapọ̀ kéékèèké bá ti mọ́ lára.

Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan ń fi ábákọ́ọ̀sì kọ́ àwọn ọmọ báyìí, ohun èlò ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń lò ní Japan àti Ṣáínà. Ọmọ tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ lè máa rí ìlẹ̀kẹ̀ náà nínú orí, kó sì fi ro nọ́ńbà gígùn pọ̀ kíákíá. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, àmọ́ ọmọ tí kò bá ní in kò pàdánù ohun tí à ń wá.

Ayò ọlọ́pọ́n, bí ẹ bá ní in nílé, wúlò ju bí òbí ṣe rò lọ. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ ní láti mọ ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn nínú ọwọ́ rẹ̀ máa bọ́ sí kó tó gbé e, àti bóyá ihò náà á pé méjì tàbí mẹ́ta nígbà tó bá débẹ̀. Ọmọ tó bá ń ta ayò pẹ̀lú bàbá àgbà rẹ̀ ń ṣe ìṣirò àforíṣe nígbà gbogbo tó bá kàn án, ẹnikẹ́ni ò sì ní kó ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ tó ti dé Pírámárì 5 tó ṣì ń ka ìka. Òbí á gba olùkọ́ àdáni fún un, olùkọ́ náà á sì gbé iṣẹ́ Pírámárì 5 ka iwájú rẹ̀, ìdá àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé ìyẹn ni wọ́n ń ṣe ní kíláàsì. Kò lè wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó dúró sí. Ẹ bi í ní 6 àti 4, kí ẹ wo ìka rẹ̀ àti ètè rẹ̀. Bí ètè bá mì, ó ń kà ni, ẹ padà sórí àwọn àpapọ̀ márùn-ún tó ń di mẹ́wàá, ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí àwọn àbúrò rẹ̀ ò ti ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í pẹ́ níbẹ̀ bí ọmọ ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ìlọ́po méjì, lẹ́yìn rẹ̀ ni 8 àti 6, 9 àti 7, lẹ́yìn rẹ̀ ni 28 àti 6, kó lè rí i pé ohun kan náà ni. Ìlọ́po mẹ́wàá tó kù yẹn, ẹ fún un ní ẹyọ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí bébà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń fọ eyín, kí ẹ sì máa bi í lójijì: nígbà tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, nígbà tó bá ń bẹ ẹ̀gúsí, kó tó sùn. Bí ó bá gbà á, ẹ bi í bó ṣe gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ bi í ní ohun tó mọ̀ tó sún mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kó ti ibẹ̀ rìn wá.